Ìwé Ẹran àti Abẹ́rẹ́ Ẹran ní Kétu: Ta Lẹrù Òfin Wúwo Lé Lórí?

Ìyá kan tó ní ewúrẹ́ mẹ́fà ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó fẹ́ gbé méjì lọ tà kó lè rí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ san, á ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ kó tó dé ọjà. Ẹnì kan á ní dandan ni kó gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ẹlòmíràn á ní tíkẹ́ẹ̀tì kọ́mínì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ti tó. Ẹni kẹta á ní bí ẹran náà kò bá ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó parọ́ tán nínú wọn, kò sì sí èyí tó sọ òótọ́ tán. Nǹkan mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni wọ́n pò pọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà jẹ́ ti kọ́mínì. Owó ààyè ni. Ẹni tó gbé ẹran wá àti ẹni tó gbé iṣu wá ni wọ́n jọ ń san án, kò sì sọ nǹkan kan nípa ìlera ẹran. Káàdì abẹ́rẹ́ ni ìkejì. Òun ló ń sọ irú abẹ́rẹ́ tí ẹran gbà, ọjọ́ tó gbà á, àti ẹni tó fún un. Ìkẹta ni ìwé ìlera tí ẹran fi ń rìn. Dókítà ẹran tàbí òṣìṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ ló gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wo ẹran kó tó kọ ọ́. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ni pé ní ọjọ́ tí òun wò wọ́n, ara wọn dá, wọ́n sì lè kúrò níbi báyìí lọ sí ibi báyìí. Ìwé yìí kì í ṣe ti títí ayé. Èyí tí wọ́n kọ fún àwọn ewúrẹ́ tó lọ sí ọjà lóṣù tó kọjá kò kan àwọn tó ń lọ lónìí.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dá yín dúró lójú ọ̀nà tó ní kí ẹ mú owó ìlera ẹran wá, tí kò wo ẹran, tí kò kọ ìwé kankan, ẹ bi í ní rìsíìtì. Mo fi èyí ṣáájú torí pé apá kan nínú ohun tí àwọn olùsìn ẹran ń pè ní ìnira òfin kò sí nínú òfin rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ìyẹn sọ́tọ̀, òfin gan-an ṣì wúwo, ó sì wúwo lórí ẹni tó ní ewúrẹ́ mẹ́fà ju ẹni tó ní igba lọ.

Òkè ni òfin náà ti ń ṣàn bọ̀. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìlera ẹran wà ní Paris láti 1924. OIE ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, WOAH ni wọ́n ń pè é báyìí. Òun ló ní kí orílẹ̀-èdè tí àrùn ńlá kan bá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ fi tó òun létí láàárín wákàtí 24. CEDEAO, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (ECOWAS), ṣe tirẹ̀ ní 1998 fún àwọn darandaran tó ń kọjá ẹnubodè. UEMOA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó CFA, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ouagadougou, ṣe tirẹ̀ ní 2007 lórí ìlera irúgbìn, ẹran àti oúnjẹ. Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé òfin ìdaran, ìyẹn code pastoral, jáde ní 2019. Gbogbo wọn ń rọ́ sọ̀kalẹ̀ bọ̀ títí wọ́n á fi dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó wà ní kọ́mínì, tí abúlé tó wà lábẹ́ wọn pọ̀ ju ọwọ́ wọn lọ. Àṣẹ ń ti òkè wá, owó tó máa gbé e rìn kì í sábà bá a wá. Àpò ẹni tó ni ẹran ló ti ń jáde.

Ẹ má torí ìyẹn sọ pé kí òfin má sí. Ẹ wo àrùn tí àwọn olùsìn tó ń ná ọjà Nàìjíríà ń pè ní kata, tí àwọn dókítà ń pè ní PPR. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ló ń bá jà. Ibà á kọ́kọ́ gbé ẹran náà, omi á máa dà lójú àti nímú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á bó, á máa wúkọ́, á sì máa yàgbẹ́ gbuuru títí agbára rẹ̀ á fi tán. Kóòtù Difúà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1942. Gẹ́gẹ́ bí FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe sọ, nínú agbo tí kò tíì bá a pàdé rí, ó lè mú ẹran mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó sì lè pa tó méje nínú mẹ́wàá àwọn tó mú.

Ohun tó mú kó burú ni pé ẹran tó ti kó o lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí àmì kankan tó hàn lára rẹ̀. Ewúrẹ́ tó ń fò tó ń jẹko ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ lónìí lè ti kó o. Ẹ máa rà á, zẹ́mìjàn máa gbé e wá sí Kétu, ẹ máa so ó mọ́ àwọn tó wà nílé, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo agbo ti ń sunkún. Nítorí èyí ni òfin fi ń bínú sí ẹran tó ń rìn ju ẹran tó jókòó lọ. Ẹran tí kò kúrò ní àgbàlá kì í gbé àrùn lọ fún ẹnikẹ́ni, èyí tó wà lórí alùpùpù ló ń gbé e kiri.

Òfin yìí sì ti ṣiṣẹ́ rí. Àrùn màlúù kan wà tí wọ́n ń pè ní peste bovine, tó pa màlúù Áfíríkà ní àpalù ní àwọn ọdún 1890. Abẹ́rẹ́, ìwé, àti ìdádúró ẹran lójú ọ̀nà ni wọ́n fi lé e, títí tí gbogbo ayé fi kéde ní 2011 pé ó ti tán pátápátá. Ṣọ̀pọ̀ná tó ń mú ènìyàn nìkan ni àrùn mìíràn tí aráyé tíì pa run bẹ́ẹ̀. PPR ni wọ́n dájú sọ báyìí, ọdún 2030 ni wọ́n sì fi ṣe òpin. Ewúrẹ́ ìyá wa ní ẹ̀yìn Kétu wà nínú ìṣirò yẹn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Abẹ́rẹ́ PPR dára. Nàìjíríà ni wọ́n ti rí irú kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é, ní 1975. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹran bá ti gbà á, ó kéré tán ọdún mẹ́ta ni á fi dáàbò bò ó, ìyẹn sì pẹ́ tó fún ewúrẹ́ tí èèyàn fẹ́ tà. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ nínú abúlé kò fi gbà á? Àwọn òṣìṣẹ́ kan á ní ojú àwọn olùsìn kò là. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìgò abẹ́rẹ́ náà, ẹ máa rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ìgò kékeré ni, ìyẹ̀fun gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, ìgò kan sì sábà máa ń tó ẹran 50 tàbí 100. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín láti ilé-iṣẹ́ títí dé abúlé, torí bí oòrùn bá mú un, ó kú nìyẹn, ẹni tó sì fún ẹran ní òkú abẹ́rẹ́ á rò pé òun ti ṣe ohun tó yẹ. Bí wọ́n bá ti po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi rẹ̀, wákàtí díẹ̀ péré ló ní, tí oòrùn bá mú, kò tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á dà á nù ni. Dókítà kò lè ṣí i fún ewúrẹ́ mẹ́fà lónìí kó sì tọ́jú ìyókù di ọ̀la fún abúlé kejì.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni tó ní igba ẹran máa tú ìgò méjì tàbí mẹ́rin, kò ní ṣòfò, epo alùpùpù dókítà á pín sí ọ̀nà igba. Ẹni tó ní mẹ́fà máa tú ìgò kan, á lo mẹ́fà nínú rẹ̀, á da gbogbo ìyókù nù, gbogbo owó epo yẹn á sì wá lé ẹran mẹ́fà lórí. Òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì, abẹ́rẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n owó tó jáde lórí ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan jìnnà síra bí ọ̀run àti ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ àrùn lùkúlùkú ti adìẹ ṣe rí, tiẹ̀ tún burú, torí ìgò mìíràn tó adìẹ ẹgbẹ̀rún. Iye àwọn tó ní adìẹ ẹgbẹ̀rún kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí adìẹ mẹ́wàá ń jẹ̀ kiri lẹ́yìn ilé ìdáná wọn.

Ọ̀nà tó wà ni kí abúlé kó ara wọn jọ. Kí wọ́n ka ewúrẹ́ àti àgùntàn ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ iye tó jẹ́ lápapọ̀, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí dókítà. Bí àpapọ̀ bá súnmọ́ iye tó wà nínú ìgò, owó tó máa kan ẹran kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀ púpọ̀. Ìjọba a máa fún àwọn dókítà ẹran aládàáni ní àṣẹ láti fúnni ní abẹ́rẹ́ tó jẹ́ dandan, mandat sanitaire ni wọ́n ń pè é. Ẹ bi ẹni tó bá wá bóyá ó ní in. Kétu ní oore kan tí ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn kò ní: yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè, UNA, ní ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ nípa ọ̀sìn ẹran ń bẹ láàárín ìlú. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn abúlé tó wà nítòsí máa ké sí wọn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè tún yàtọ̀. Ewúrẹ́ tó bá máa gba Ìlárá kọjá sí Nàìjíríà ti bọ́ sábẹ́ ìjọba méjì. Ìwé tí dókítà Bẹ̀nẹ̀ kọ ń sọ pé ẹran náà dá láti ibí, ṣùgbọ́n NAQS, àjọ Nàìjíríà tó ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn àti ẹran tó ń wọlé, ní òfin tirẹ̀ nípa ohun tó lè wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò pé ìwé ibí ti parí ohun gbogbo, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, oṣù kejìlá 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Ẹran kò yé rìn, inú igbó ló gbà. Kò sì sí dókítà nínú igbó. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn níbikíbi tí òfin bá ti le ju ohun tí ènìyàn lè rù lọ: ẹran á ṣì kọjá, ojú tó yẹ kó wò ó ni kò ní sí níbẹ̀.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní tirẹ̀, màlúù ló gbé ọ̀rọ̀ dé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ níbẹ̀ ni kò da màlúù tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ Fúlàní ni wọ́n fi í sí. Wàrà jẹ́ ti ẹni tó ń dà á, màlúù jẹ́ ti ẹni tó ni ín, ìmọ̀ ara ẹni àti ọ̀rẹ́ ló sì so ó pọ̀. Níbo ni owó abẹ́rẹ́ ti ń jáde nínú àdéhùn yìí? Abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró màlúù, ọdọọdún ni ó yẹ kí wọ́n gbà á. Bí darandaran bá rò pé ẹni tó ni màlúù ló máa san, tí onímàlúù sì rò pé ó wà nínú iṣẹ́ ẹni tó ń dà á, ọdún á yípo, kò sí ẹni tó san án. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wá béèrè káàdì, darandaran ló wà níwájú rẹ̀, òun ló máa jẹ ìyà. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ nígbà tí ara màlúù ṣì le, kí ẹ sì jẹ́ kí orúkọ ẹni tó ni ín wà lórí káàdì.

Ìwé ìrìnnà ti CEDEAO, tó ń sọ iye màlúù, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbà, ọ̀nà tí wọ́n máa tọ̀ àti ibi tí wọ́n ń lọ, wà fún àwọn tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ní òpin 2019 ni Bẹ̀nẹ̀ ní òun kò fẹ́ agbo màlúù láti ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá gbá ìwé náà mú láti òdìkejì ẹnubodè tó rò pé ó ti tó, ìyẹn nìkan kò gbà á sílẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ibi tí òfin ti ní kí wọ́n pa ẹran.

Ẹ wo ẹni tó ní ẹlẹ́dẹ̀ ogún ní Àjàrá, níbi tí òkìkí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọn ti kàn dé Kútọ̀nù. Ó jí lówùúrọ̀, ó rí i pé méjì kò jẹun, ara wọn gbóná, awọ etí wọn ti ń pọ́n. Ó mọ ohun tó lè jẹ́, torí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní peste porcine africaine wọ Bẹ̀nẹ̀ ní 1997, àwọn tó jìyà rẹ̀ kò gbàgbé. Kì í mú ènìyàn. Kò ní oògùn. Òfin ní kó pe dókítà kíákíá, tó bá sì jẹ́ òun, wọ́n á pa gbogbo ogún náà, wọ́n á sin wọ́n. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Bó bá pe dókítà, ogún lọ, bóyá ló sì máa rí owó gbà-má-bínú kankan. Bó bá dákẹ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti ta méjìdínlógún fún àwọn alápatà. Ó ní ọmọ, ó jẹ gbèsè oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kí lẹ rò pé á ṣe?

Àrùn náà máa bá ẹran yẹn rìn. Kòkòrò rẹ̀ ń wà láàyè nínú ẹran tútù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú èyí tó wà nínú fíríìjì. Ìdọ̀tí ilé oúnjẹ tí wọ́n bá dà fún ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn á gbé e dé abúlé tí kò mọ Àjàrá rí. Ohun tó bọ́gbọ́n mu fún ọkùnrin náà ló di ewu fún gbogbo àgbègbè. Ẹ lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tó ní kó fi gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló tì í síbẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ọ́. Ní 2006, nígbà tí àrùn adìẹ H5N1 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Áfíríkà láti Nàìjíríà, Báńkì Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn gbà pé owó gbà-má-bínú kò gbọ́dọ̀ kéré ju ìdajì iye tí ẹran náà jẹ́ lọ́jà, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá odindi iye ọjà náà. Bó bá kéré jù, wọ́n á fi àrùn pamọ́. Bó bá pọ̀ jù, ẹlòmíràn á lọ wá ẹran aláìsàn wá. Kó sì yá: owó tó dé lẹ́yìn ọdún méjì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òótọ́ lónìí. Ní ìparí 2007, àrùn adìẹ yìí dé Àjàrá àti Kútọ̀nù náà, a mọ bó ṣe rí láti rí àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ funfun tó ń kó adìẹ ilé sínú àpò. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò ju èyí lọ: kí wọ́n kọ iye tí wọ́n máa san lórí ẹran kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gedegbe kí àrùn tó dé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kọ́mínì níbi tí olùsìn lè kà á, kí owó náà sì ti wà ní ìpamọ́.

Ó ku ibì kan tí mo máa sọ fún olùsìn pé kó fara mọ́ ìnira náà láìwo ẹ̀yìn. Bí màlúù tàbí àgùntàn bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ ń ti imú tàbí ìdí rẹ̀ jáde tí kò sì dì, ẹ má là á, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á. Ó lè jẹ́ àrùn charbon, tí wọ́n ń pè ní anthrax ní Nàìjíríà, èyí ń pa ènìyàn. Ní 2023 ni ó bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, Nàìjíríà náà sì rí i ní ọdún yẹn kan náà. Bí ọ̀bẹ bá ti la ẹran náà, kòkòrò rẹ̀ á wọ ilẹ̀, á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹran tó ń bọ̀ lẹ́yìn á fi jẹ ẹ́ mọ́ koríko. Ẹ pe dókítà, ẹ lé ajá kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún tàbí kí wọ́n sin ín jìnlẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni màlúù kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú fi gbọ́dọ̀ kan èyí náà.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba ìwé, tí kò sì gba owó. Ẹran tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọjọ́ 21 kó tó dàpọ̀ mọ́ àwọn tó wà nílé. Iye ọjọ́ tí WOAH fi ń ṣírò PPR nìyẹn, bó bá ní in, á ti hàn kí ọjọ́ náà tó pé. Adìẹ yín, ẹ wá abẹ́rẹ́ lùkúlùkú fún wọn kí ọyẹ́ tó dé, torí ìgbà ọyẹ́ ló ń jà jù. Bí ẹ bá fún ẹran ní oògùn, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sára ògiri tàbí sínú ìwé. Ìgò oògùn ń sọ iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó pa á jẹ tàbí kí ẹ tó tà á. Fún oxytetracycline irú èyí tí ń pẹ́ lára, ó lè tó ọjọ́ 28. Bí Ìléyá bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí àgbò bá ń ṣàìsàn, ẹ bi dókítà ní iye ọjọ́ yẹn kó tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, kí ẹ lè yan òmíràn tó máa kúrò lára rẹ̀ kí ọjọ́ ọdún tó pé.